Bí A Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Láti Di Olùkọ́ Kẹ́mísírì ní Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Ìwé mẹ́ta ni ìdánwò kẹ́mísírì tí WAEC ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3 pín sí. Ìwé kìíní jẹ́ ìbéèrè 50 tí a ń ṣa ìdáhùn wọn, ìwé kejì jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àlàyé sí, ìwé kẹta sì ni iṣẹ́ láàbù, níbi tí yóò ti dúró níwájú burette (ọ̀pá dígí gígùn tí a fi ń wọn omi bí ó ti ń kán) àti ìgò oògùn kẹ́míkà fún wákàtí méjì gbáko. Ọmọ tí ó bá ní làákàyè lè fúnra rẹ̀ ka ìwé kí ó sì yege nínú méjì àkọ́kọ́, àmọ́ kò sí bí ó ṣe lè mọ burette lò bí olùkọ́ rẹ̀ kò bá fi lé e lọ́wọ́ rí. Ìwé kẹta yìí ni mo fi ń mọ irú olùkọ́ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà fi sọ́kàn láti ọjọ́ tí ẹ bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga: ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè iṣẹ́ láàbù fún ogójì ọmọ kò tíì di olùkọ́ kẹ́mísírì, bí ó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dán tó.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọlé

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kí ẹ lọ tààrà sí ẹ̀ka ìmọ̀ ìkọ́ni ní yunifásítì, kí ẹ sì gba oyè B.Sc. Ed. tàbí B.Ed. nínú kẹ́mísírì lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń ṣe é ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Akọkà àti ní Ìlọrin, wọ́n sì ń ṣe é ní àwọn yunifásítì tí a dá sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ olùkọ́ gan-an, bí irú èyí tí a fi orúkọ Tai Solarin pè ní Ìjagun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde àti Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó.

Èkejì ni NCE, tí ó jẹ́ ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, níbi tí ẹ óò ti so kẹ́mísírì pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn bíi bàọ́lọ́jì, físíìsì tàbí ìṣirò. Ẹ má gbàgbé pé kẹ́mísírì kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ títí ọmọ yóò fi dé SS1. Sáyẹ́ǹsì alápapọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní JSS, kẹ́mísírì kàn wà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró lórí NCE, àwọn JSS ni yóò sábà máa kọ́. Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta náà kò ṣòfò, nítorí pé wọ́n ń fi NCE wọ ọdún kejì ní yunifásítì nípasẹ̀ Direct Entry, àwọn tí mo sì mọ̀ tí wọ́n gba ọ̀nà yẹn wá mọ kíláàsì í darí ju àwa tí a wọlé tààrà lọ.

Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn ka kẹ́mísírì nìkan títí yóò fi gba B.Sc., kí ó tó wá lọ ṣe PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni fún ẹni tí ó ti ní oyè àkọ́kọ́. Ọ̀nà yìí dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí ìkọ́ni lẹ́yìn tí ó ti jáde. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé olùkọ́ ni òun fẹ́ jẹ́, ọ̀nà kìíní ni mo máa ń tọ́ka sí fún un.

Ní ti UTME, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti kẹ́mísírì kò ṣeé yẹ̀, ẹ óò sì fi méjì nínú físíìsì, bàọ́lọ́jì àti ìṣirò kún un. Kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ ṣí IBASS, ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wo ohun tí yunifásítì tí ẹ fẹ́ gan-an ń béèrè, nítorí pé wọn kì í dọ́gba. Kírédíìtì márùn-ún ni ẹ óò nílò nínú WAEC tàbí NECO. Ẹ rí i dájú pé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti kẹ́mísírì wà nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ ló dé ẹ̀ka ìkọ́ni nítorí pé máàkì wọn kò tó èyí tí wọ́n ń béèrè fún ìṣègùn òyìnbó tàbí fámásì. Èmi náà wà lára wọn. Ohun tí ó ń ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí ó lo ọdún mẹ́rin láti máa wá bí yóò ṣe yí ẹ̀kọ́ padà, débi pé yóò jáde láìjẹ́ dókítà, láìjẹ́ olùkọ́. Bí ọdún kìíní bá parí tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ jókòó tì í.

Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì fúnra rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìkọ́ni ní kẹ́mísírì jẹ́ ọmọ ilé méjì. Ó ń kọ́ kẹ́mísírì ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú àwọn tí yóò gba B.Sc., ó sì ń padà sí ẹ̀ka tirẹ̀ fún ìmọ̀ ìrònú ọmọ, ìtàn ètò ẹ̀kọ́, ìlànà ìkọ́ni àti bí a ṣe ń ṣe ìdánwò tí a sì ń gbé òṣùwọ̀n lé e. Àkókò ẹ̀kọ́ méjèèjì máa ń forí gbárí, ẹni tí kò bá sì ṣọ́ra yóò máa pa iṣẹ́ láàbù jẹ, nítorí pé òun ló gba wákàtí mẹ́ta tí máàkì rẹ̀ sì kéré. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan kan bá máa fò, kí ó jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ẹ lè dà kọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tí ó ń da ìrírí ọwọ́ kọ.

Alex Johnstone, olùkọ́ kan ní yunifásítì Glasgow ní Scotland, ni ó ṣàlàyé ìdí tí kẹ́mísírì fi ń le fún àwọn ọmọ lọ́nà tí ó yé mi jù. Ó ní ipele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ yìí ní: ohun tí ojú ń rí, àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè rí, àti àmì tí a fi ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ wo iyọ̀ tí a dà sínú omi. Ohun tí ojú rí ni pé iyọ̀ pòórá, omi sì di oníyọ̀. Ohun tí ojú kò rí ni pé ẹyọ sódíọ̀mù àti ti kílóráìdì já ara wọn sílẹ̀, tí omi sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Ẹ̀kẹta ni Na⁺ àti Cl⁻ tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n ń fò láti ipele kan bọ́ sí òmíràn láìfura, ọmọ SS1 sì jókòó sórí ìkíní, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lọ́tọ̀ láti ọdún kìíní. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ yín ní nǹkan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹ óò ṣe sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ̀yin gan-an ti kọ́kọ́ ṣì í lóye. Mo rántí pé mo dé yunifásítì tí mo ṣì gbà pé atẹ́gùn ọ́síjìn àti háídírójìn ni ó ń hó jáde nínú omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni, ó kàn di ooru ni. Nígbà tí mo bi kíláàsì mi àkọ́kọ́ ní ìbéèrè náà, ìdáhùn mi àtijọ́ ni àwọn tí ó ju ìdajì wọn lọ fún mi. Ẹ̀kọ́ nípa móòlù (iye tí a fi ń ka àwọn ẹyọ kéékèèké inú nǹkan) ni kí ẹ kọ jù nínú ìwé yìí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń fi kẹ́mísírì sílẹ̀ lọ.

Láàbù

Nínú láàbù yunifásítì, òṣìṣẹ́ láàbù ti po oògùn sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ó ti lẹ orúkọ mọ́ ìgò, ó sì ti tò wọ́n sórí tábìlì. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí yóò di tiyín ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ yín. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni kí ẹ bá òṣìṣẹ́ láàbù ṣọ̀rẹ́, kí ẹ máa kí i dáadáa, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ wá bá òun pèsè sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́. Ẹ̀kẹ́ta tàbí ẹ̀kẹ́rin tí ẹ bá lọ, yóò fi ìwọ̀n lé yín lọ́wọ́.

Ẹ wo irú ìṣirò tí ń dúró dè yín. Ká ní ogójì ọmọ ni ó fẹ́ ṣe titration (kíkán omi kan sínú òmíràn títí àwọ̀ yóò fi yí) ásíìdì hydrochloric pẹ̀lú sodium carbonate. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, yóò fi díẹ̀ ṣan burette àti pipette (ọ̀pá dígí tí a fi ń fa omi tí ìwọ̀n rẹ̀ pé), nítorí náà 100 cm³ ásíìdì àti 100 cm³ sodium carbonate ni yóò tó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Dm³ (lítà) mẹ́rin nìyẹn, ẹ ṣe márùn-ún, nítorí pé ẹnìkan yóò da tirẹ̀ nù láìṣe àní-àní. Bí ẹ bá fẹ́ kí kíki sodium carbonate jẹ́ 0.05 mol/dm³, tí ìwọ̀n móòlù rẹ̀ jẹ́ 106, 5.3 g ni ẹ óò wọ̀n fún dm³ kan, ìyẹn 26.5 g fún márùn-ún. Ásíìdì tí ó wà nínú ìgò ilé iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n cm³ rẹ̀ kan sì jẹ́ 1.18 g, èyí tí ó fi jẹ́ pé kíki rẹ̀ súnmọ́ 11.6 mol/dm³; láti fi í ṣe dm³ márùn-ún tí kíki rẹ̀ jẹ́ 0.1, nǹkan bíi 43 cm³ péré ni ẹ óò bù. Ásíìdì ni a ń rọra dà sínú omi, a kì í da omi lé ásíìdì lórí. Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, ọmọ tí ó fi pipette fa 25 cm³ sodium carbonate, tí ó sì kán methyl orange, oògùn tí ń fi àwọ̀ hàn bí ásíìdì bá ti tó, sí i, yóò lo ásíìdì tí ó súnmọ́ 25 cm³ kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi lọ kọ́ni, mo wọ̀n 26.5 g nínú ike kan tí wọ́n kọ sodium carbonate sí lára, mo sì po ó bí mo ṣe kọ́ ọ. Dípò 25, gbogbo ọmọ ń rí nǹkan bíi 9 cm³. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí pé wọn kò mọ burette kà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó tún ike náà yẹ̀ wò, tí mo rí i pé èyí tí ó jẹ́ wóro dídán ni, tí omi mẹ́wàá so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀, tí ìwọ̀n móòlù rẹ̀ sì jẹ́ 286. Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àforíjì, mo sì fi àṣìṣe náà ṣe ẹ̀kọ́: àwọn fúnra wọn ni mo ní kí wọ́n ṣírò bí 9.27 ṣe jẹ́ ìdáhùn tí ó tọ̀nà fún ohun tí mo po. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé iṣẹ́ láàbù lọ síwájú ọmọ tí n kò bá kọ́kọ́ dá a ṣe tán.

Ẹ tún fi ọwọ́ kọ́ àwọn ohun tí àwọn olùṣe ìdánwò ń wò: kí a ka burette sí ìlà tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí omi tẹ̀ kọdọrọ, kí ojú wa sì dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kí a kọ ọ́ dé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ojú-ẹyọ (decimal point), kódà bí ó bá jẹ́ 24.00, kí a sì fi kìkì àwọn tí kò ju 0.20 cm³ lọ láàárín ara wọn wá àròpín. Nípa ìdámọ̀ iyọ̀, ẹ ṣe é títí tí ojú yín yóò fi mọ̀ ọ́n: àwọ̀ ewé tí Fe²⁺ ń mú wá, àwọ̀ ìpẹtà tí Fe³⁺ ń mú wá, àti àwọ̀ aró tí ó jinlẹ̀ nígbà tí ammonia bá pọ̀ lórí Cu²⁺.

Ẹ má ṣe fi ẹnu fa pipette, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi ẹnu fà á. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi ẹnu kọ́. Rọ́bà tí a fi ń fà á kò wọ́n, ẹ ra tiyín, ẹ sì máa mú un kiri. Bí ásíìdì bá ta sí ojú ẹnikẹ́ni, omi tó mọ́ púpọ̀ ni kí a máa dà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà, láàbù tí kò ní omi nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní garawa omi lẹ́nu ọ̀nà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó wà láyìíká wa náà jẹ́ láàbù, èmi kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi jáde tán. Omi ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò máa ń pọ́n nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ń yí sí àwọ̀ ewé nínú omi eérú, nítorí náà kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò lè rí ohun tí yóò fi dá ásíìdì mọ̀. Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ń fi omi eérú èèpo kòkó se àdín, iṣẹ́ kẹ́míkà kan náà tí ìwé ń pè ní saponification. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni aró. Bí aláró bá ń yọ aṣọ nínú ìkòkò ẹlú, àwọ̀ ewé tí ó ti ń pọ́n ni aṣọ náà kọ́kọ́ máa ń ní, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì di aró lójú gbogbo ènìyàn. Nínú ìkòkò yẹn, aró ti gba ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù, ìyẹn ni ó fi lè yòrò nínú omi eérú. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó gba ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta tí ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ aláró kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa redox (gbígbà àti yíyọ̀ǹda ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù) láti inú ìwé.

Ìkọ́ni ìdánrawò

Gbogbo wa ń pè é ní TP (Teaching Practice), ìgbà tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣáájú rẹ̀ ni ẹ óò ti ṣe micro-teaching, níbi tí ẹ óò ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹni pé ọmọ SS ni wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé mo ń sọ̀rọ̀ sí pátákó dípò kíláàsì. Bí ẹ bá lè rí ẹni tí yóò fi fóònù ká yín sílẹ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá rán yín lọ, ẹ wá olùkọ́ kẹ́mísírì ibẹ̀ lọ ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ kí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì béèrè fún ìlànà iṣẹ́ táàmù náà, nítorí pé ètò ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ bá a mu. Ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ óò kọ fún alábòójútó ní àwọn àlàfo tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ dí, ẹ dí wọn. Ohun tí alábòójútó kò ní béèrè, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni bí ẹ óò ṣe mọ̀ pé ó ti yé àwọn ọmọ. Bí ẹ bá bi wọ́n bóyá ó yé wọn, gbogbo kíláàsì yóò dáhùn "Yes sir" lẹ́ẹ̀kan náà, kódà ẹni tí ó ti sùn lọ. Ẹ ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rò pé ó wà nínú omi oníyọ̀, ẹ wo ìwé wọn bí ẹ ti ń rìn kọjá, òtítọ́ yóò hàn.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lè fi kọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè fi ronú. Ní Ifẹ̀ ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ti gbọ́ Yorùbá, mo máa ń ṣàlàyé ohun tí ó le ní Yorùbá, kí n tó fún wọn ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí olùṣe ìdánwò ń retí. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ fún un nísinsìnyí, torí pé ẹ kò ní rí i lójú kíláàsì.

Ibi tí kò bá sí láàbù, àwọn àwòrán tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ orúkọ PhET wúlò púpọ̀ fún ipele tí ojú kò rí. Wọn kò lè rọ́pò burette.

Ìwé àṣẹ àti ohun tí ó kù

Iṣẹ́ olùkọ́ ní òfin tirẹ̀. Òfin 1993 ni ó dá TRCN sílẹ̀, àjọ tí ń fi orúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ìdánwò ni a ń ṣe báyìí kí a tó gba ìwé àṣẹ wọn, ipele C sì ni ti ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́, D ni ti NCE. Ẹ bèèrè ní ẹ̀ka yín nígbà tí ẹ bá wà ní ọdún ìkẹyìn bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún un, nítorí pé ó rọrùn láti kàwé fún un nígbà tí ìmọ̀ ìkọ́ni ṣì wà lórí yín. STAN, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó ti wà láti 1957, náà yẹ ní wíwọ̀, nítorí pé níbi ìpàdé wọn ni ẹ óò ti mọ ẹni tí ẹ lè pè bí oògùn kan bá tán ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ní ti owó, n kò ní tàn yín jẹ: owó oṣù kì í pọ̀, ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tilẹ̀ ń tini lójú. Ohun kan tí ó yí padà ni pé òfin kan ní 2022 gba olùkọ́ ìjọba láàyè láti ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn oyè ni NYSC, kíláàsì ni wọ́n sì sábà máa ń rán àwọn tó ka kẹ́mísírì lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, kí ẹ tó béèrè ilé tí ẹ óò sùn, ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ láàbù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, igbákejì ọ̀gá ni yóò ti wà lọ́wọ́, wọn kò sì ní tíì ṣí ìlẹ̀kùn náà láti ìgbà WAEC tó kọjá. Ẹ mú ìwé, gègé àti aṣọ inura lọ́wọ́, kí ẹ ka gbogbo ìgò, kí ẹ kọ orúkọ èyí tí ó ní àmì sílẹ̀, kí ẹ sì ya èyí tí àmì rẹ̀ ti ṣí sọ́tọ̀ láìṣí ìdérí rẹ̀.